Ẹyẹ tó ń kun osùn

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń fúyẹ́?

Mo ti dé Camargue tí mo sọ fún ọ níjọsí, níbi tí odò Rhône ti ń wọ òkun ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. O rántí àdúrà Màmá: agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun? Ẹyẹ kan wà níbí tó yẹ kó bá àlùkò pín osùn yẹn. Fìlàmíńgò ni. Ó rí bíi lékeléke tó ga dé àyà èèyàn.

Wọn ò bí osùn náà mọ́ ọn o. Àwọ̀ eérú lọmọ rẹ̀ máa ń ní. Edé wẹ́wẹ́ inú omi iyọ̀ tó ń jẹ ló ń sọ ọ́ di pupa. Á dorí kodò, á ki ẹnu bọ omi, ahọ́n rẹ̀ á máa fa omi wọlé, á tún máa tì í jáde, bí ìgbà tí èèyàn ń sẹ́ ògì: edé á kù sẹ́nu, omi á lọ. Nígbà míì á máa fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ yípo lójú kan, bí ẹni ń po amọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi mọlé.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù rèé. Tí àkókò àtiwá ẹnìkejì bá tó, òróró kan ń sun nídìí ìrù wọn, osùn yìí wà nínú rẹ̀. Wọn á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú un, wọn á fi pa ọrùn àti àyà. Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ń kun osùn! Tí ọmọ bá ti jáde, wọ́n á ṣíwọ́.

Ẹyin kan ṣoṣo ni wọ́n ń yé, lórí òkìtì ẹrẹ̀. Bàbá àti ìyá ló jọ ń pọ omi pupa kan láti ọ̀nà ọ̀fun sẹ́nu ọmọ.

Ìgbà kan wà tí wọn ò rí ibi tó fara balẹ̀ yé ẹyin mọ́ níbí. Lọ́dún 1970, àwọn èèyàn kó ẹrẹ̀ jọ ṣe erékùṣù kékeré fún wọn ní Fangassier, láàárín adágún tí wọ́n ti ń ṣe iyọ̀ nígbà náà. Ọdún 1974 ni wọ́n tó yé síbẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko! Inú mi dùn pé àwọn tó ṣe é ní sùúrù.

Bá mi bi Màmá: osùn tí wọ́n fi pa àbíkẹ́yìn rẹ lára lọ́jọ́ ìkómọ, ṣé àwọn fúnra wọn ló lọ̀ ọ́?

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́