Àmọ̀kẹ́, gbé fóònù rẹ

Ìlọrin

Àmọ̀kẹ́ mi,

Àsàlámù àlékùmù. Ṣé àlááfíà ni o wà? Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún tó ń dùn ún ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ti bímọ, ọkùnrin ni, a sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Òjò wó ògiri ilé ìdáná lápá kan, a ó tún un mọ lẹ́yìn Iléyá. Kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Torí fóònù rẹ ni. Bí mo bá pè é, á dún, á dún, ẹnikẹ́ni kò ní gbé e. Ìyá rẹ pè, bákan náà ló rí. Mo kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo ní ẹni tó ń ṣe òdòdó aṣọ fún àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà ní Èkó lè má ráyè jẹun bí ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ti ń sún mọ́lé. Mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ, kò dá mi lóhùn. Ìgbà tó ṣe, obìnrin agbo ilé wa kan ti Agége wá síbi òkú. Ó ní òun gbọ́ pé o gba owó lọ́wọ́ ẹbí kan, gbogbo owó pátá, fún òdòdó tí wọn yóò fi sára gèlè àti èyí tí àwọn ọmọdé tó ń tẹ̀lé ìyàwó yóò fi sí irun. Ó ní ọjọ́ pé, òdòdó kò dé. Ó ní wọ́n wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ, wọ́n kànkùn títí.

N kò bá a jiyàn. Mo ní kó jẹun, mo sì kúrò níbẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni? Bí irọ́ ni, pè mí lónìí kí n lè gbé orí sókè láàrin agbo ilé. Bí òótọ́ bá sì ni, pè mí bákan náà. Bàbá rẹ ni mo jẹ́, n kì í ṣe ọlọ́pàá.

Má ṣe rò pé mo fojú kéré iṣẹ́ náà. Nígbà tí o wà ní kékeré, ìrépé tó bá já bọ́ lábẹ́ òfì mi ni o máa ń ṣà. O ń rán an pọ̀, o ń fi sórí àwọn ọmọ agbo ilé, èmi sì ń lé ọ pé kí o lọ bá ìyá rẹ dáná. Ọjọ́ wọ̀lìmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni ojú mi là. Òdòdó tí o fi sí ẹ̀gbẹ́ ìbòrí rẹ̀, àlùfáà pàápàá wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń hunṣọ ní ta ló ṣe é, mo ní ọmọ mi ni. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe fi hàn ọ́ lọ.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí ahunṣọ mọ̀ nípa òwú, ó lè wúlò fún ọ. Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́ ṣáájú Ààwẹ̀. Òdòdó aṣọ òkè tó wà níbẹ̀ ti ń tú létí. Bí o ṣe ń gé sátíìnì yípo ni o gé e, o wá ń fi iná àbẹ́là jó etí rẹ̀. Sátíìnì tí o ń rà ní Balógun, òwú ike ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí iná bá kàn án, á yọ́, á ká wálẹ̀, etí rẹ̀ kò sì ní tú mọ́. Òwú gidi kì í yọ́, jíjó ló máa ń jó. Bí ẹni tó ta aṣọ fún ọ bá ń búra, fa fọ́nrán kan yọ nínú aṣọ náà kí o fi iná kàn án. Èyí tó bá ń rùn bíi bébà jíjó, tí eérú rẹ̀ sì kúnná, òwú gidi ni. Èyí tó bá di kóró líle, ike ni. Kí omi máa wà nítòsí rẹ nígbà tí o bá ń ṣe é o. Inú yàrá kan náà ni o ń sùn, tí o ń kó aṣọ sí, tí o ń tan àbẹ́là.

Ti aṣọ òkè yàtọ̀. Bó ṣe ń kúrò lórí òfì, tóóró ni, ìbú rẹ̀ kò ju bí íǹṣì 4 sí 6 lọ. Ibi tí sísọ́ọ̀sì bá ti gé e ni òwú ti ń tú, etí rẹ̀ méjèèjì kì í tú, torí ibẹ̀ ni òwú ti ń yí padà bí a ṣe ń hun ún. Má gé e yípo mọ́. Mú un ní gígùn rẹ̀, fi abẹ́rẹ́ gún etí kan lọ títí, kí o wá fa òwú náà kí aṣọ rọ́ jọ. Etí kejì ni yóò di ẹnu òdòdó, o kò sì ní nílò iná rárá. Ẹ̀yìn òdòdó náà, rán an mọ́ píìnì. Gọ́ọ̀mù tí ẹ ń fi iná mànàmáná yọ́ yẹn, oòrùn tún lè mú un rọ̀. Bó bá jẹ́ ti ọmọ ọwọ́, ìlẹ̀kẹ̀ tí o ń fi sí àárín, rán an lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, torí ẹnu ni ọmọ ń kó nǹkan sí.

Ohun tó ń dùn mí kò sí nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Owó oníbàárà ni. Ṣé òótọ́ ni pé gbogbo rẹ̀ ni o gbà?

O ti sọ fún mi rí pé òdòdó Ṣáínà tó kún ọjà kò jẹ́ kí wọ́n wo tìrẹ. Mo mọ̀ bó ṣe ń rí. Nílùú wa níbí, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ Ilé tó wá tẹ̀dó máa ń lọ òkúta làǹtànà, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí wọ́n ń rà dé ọ̀nà jíjìn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí òyìnbó ń kó wọlé ló gba ọjà lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ náà sì parẹ́. Ohun tí kò jẹ́ kí ti aṣọ òkè rí bẹ́ẹ̀ ni pé ẹbí kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ àwọ̀ tirẹ̀, fún ọjọ́ tirẹ̀. Òdòdó tìrẹ náà nìyẹn. Ẹni tó wà ní Ṣáínà kò mọ irú elése àlùkò tí ìyá ìyàwó mú. O mọ̀ ọ́n, o sì lè bá a mu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni wọ́n ń san owó lé lórí. Bí nìkáhù bá wáyé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí òdòdó dé lọ́jọ́ Àìkú, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ìwọ náà kò sì rí ẹni tí o máa tà á fún, torí àwọ̀ ẹbí ẹlẹ́bí ni.

O gbọ́n jù báyìí lọ, Àmọ̀kẹ́. Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa gba owó tí ọwọ́ rẹ kò lè fi iṣẹ́ san?

Mo kọ ìbéèrè yẹn tán, mo gbé bírò sílẹ̀. N kò lè fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ láìsọ ìyókù.

Ọdún tí o fẹ́ wọ ilé ìwé girama, ẹbí kan ní Ọ̀fà san owó aṣọ òkè sílẹ̀ fún mi. Mo mú nínú rẹ̀, mo fi san owó ilé ìwé rẹ. Mo ní n ó dá a padà kí n tó ra òwú. Kí n tó rówó, òwú ti wọ́n. Mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo fi owó rẹ̀ ra òwú ẹni àkọ́kọ́. Ẹnì kẹta dé, mo fi tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti ẹnì kejì. Òfì ń dún láti ìdájí, gbogbo agbo ilé ń sọ pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò sí kọ́bọ̀ kan tó jẹ́ tèmi nínú owó tó ń wọlé. Aṣọ àwọn ará Ọ̀fà kò tíì pé ìdajì nígbà tí ọjọ́ wọn pé.

Bàbá ìyàwó wá sílé wa. Mo wà nínú yàrá. Ìwọ ni mo rán sẹ́nu ọ̀nà. O kúnlẹ̀ kí ọkùnrin náà, o ní, "Bàbá mi ò sí nílé." O sọ ọ́ dáadáa, ó gbà ọ́ gbọ́, ó tún fún ọ lówó bisikíìtì. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. N kò bá ọ sọ ọ́ láti ìgbà náà, bóyá o tiẹ̀ ti gbàgbé.

Nígbà tí obìnrin yẹn ní wọ́n kànkùn rẹ títí, ọjọ́ náà ni mo rí. Ìdí tí mo fi ń pè, tí mo ń pè, nìyẹn. Gbèsè kò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, ìsápamọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn ará Ọ̀fà kò pè mí lẹ́jọ́. Mo san owó wọn padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni láti ilé wọn kò tún gbé iṣẹ́ wá fún mi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n mọ̀. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. N bá ti jáde sí ọkùnrin náà lọ́jọ́ tó wá, bóyá yóò kàn bú mi ni.

Jáde sí wọn. Lọ bá wọn nílé, má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe é. Kúnlẹ̀, sọ iye tó kù lọ́wọ́ rẹ, kó o fún wọn, kí o sì dá ọjọ́ ìyókù. Má gba iṣẹ́ tuntun láti fi san ti wọn, mo bẹ̀ ọ́. Bí o bá tún máa gba àsansílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, owó aṣọ àti òwú nìkan ni kí o gbà, kí o rà á lọ́jọ́ náà gan-an kí ebi tó rí i. Ra ìwé kan. Kọ orúkọ wọn síbẹ̀, iye òdòdó, ọjọ́, kí o fi píìnì so ìrépé aṣọ wọn mọ́ ojú ewé náà. Kí o tó sọ pé "ó máa tán," ka iye tí ọwọ́ rẹ ń ṣe láàárọ̀ sí alẹ́, kí o yọ ọjọ́ tí kò ní sí iná kúrò.

Owó oògùn ìyá àgbà tí o máa ń fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. A ó wá nǹkan ṣe sí i. Bí o bá ti ní in lọ́wọ́, fi kún ti àwọn ẹbí náà.

Àpò kan wà lọ́wọ́ ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Wàrà díndín tí ìyá rẹ dì wà níbẹ̀, tètè jẹ ẹ́. Aṣọ òkè ló wà nísàlẹ̀, elése àlùkò àti àwọ̀ ewé, n kò gé e, bó ṣe kúrò lórí òfì ló wà. Tìrẹ ni. Fi ṣe òdòdó tí o lè tà ní ọjọ́kọ́jọ́, tí kì í ṣe ti ẹbí kankan, kí o fi owó rẹ̀ san gbèsè náà.

Pe ẹbí ìyàwó náà lálẹ́ òní, kí o tó pè mí. Bí o kò bá lè dá lọ bá wọn, dá ọjọ́ fún mi, n ó wọ ọkọ̀ wá sí Agége, a ó jọ lọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ