Gààrí tó wú kọ́ ni osmosis

Olóòtú wa, òkun o.

Bí ìdánwò bá ní kí ọmọ ṣàpẹẹrẹ osmosis, gààrí tó wú nínú ife ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ. Gààrí kọ́. Osmosis ni kí omi gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì (yàrá tíntìntín tí ara ohun alààyè fi di odidi) kọjá, láti ibi tí iyọ̀ tàbí ṣúgà inú rẹ̀ kò pọ̀ lọ síbi tó ti pọ̀. Awọ náà ń jẹ́ kí omi kọjá, ṣùgbọ́n ó ń dá ṣúgà dúró. Nígbà tí wọ́n yan gààrí, iná ti ba awọ yẹn jẹ́. Sítáàṣì rẹ̀ ló kàn ń mumi. Ẹ po ṣíbí tíì 3 iyọ̀ mọ́ ife omi kan, kí ẹ bu gààrí sí i: yóò wú síbẹ̀. Ẹ wá gé iṣu tútù tínrín, bíi mìlímítà 3, sínú irú omi iyọ̀ yẹn. Tó bá pẹ́ díẹ̀, yóò rọ̀ débi pé ẹ lè ká a mọ́ ìka láìṣẹ́. Èyí tó wà nínú omi lásán yóò le, á sì dá pàkà.

Nílẹ̀ àwa Yorùbá Òkun tí iṣu pọ̀ sí yìí, kí ló dé tí a ń wá gààrí kiri?

Ẹ gé iṣu sọ́nà 3, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 6. Ẹ bẹ ẹ́, kí ẹ gbẹ́ ihò sí i lórí, kí ìsàlẹ̀ ku sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ se ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ da ṣíbí tíì kan ṣúgà sínú èyí tí ẹ sè àti ọ̀kan tí ẹ kò sè. Ẹ fi ìkẹta sílẹ̀ lófìfo. Ẹ gbé wọn ka inú àwo omi, kí omi má kọjá ìdajì wọn. Lẹ́yìn wákàtí 4, omi yóò ti sun sínú tútù tó ní ṣúgà. Òfìfo yóò gbẹ. Nínú èyí tí ẹ sè, omi kò ní gòkè bíi ti àkọ́kọ́, nítorí awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti kú.

Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ wo ìdí iṣu. Èèpo tí wọn ò bẹ kúrò ló sábà máa ń fà á, torí omi kì í gba inú rẹ̀. Tàbí kí ẹnu ọ̀bẹ ti lu ìsàlẹ̀, tí omi wá ń jò wọlé. Ìyẹn náà á dà bí osmosis, irọ́ ni.

Ohun kan náà ló ń pa àgbàdo tí wọ́n da fatiláísà sí nídìí gan-an. Iyọ̀ inú omi ilẹ̀ á pọ̀ ju ti inú gbòǹgbò lọ, omi á máa jáde lára gbòǹgbò, etí ewé á gbẹ bí ẹni pé iná jó o, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tutù. Kí wọ́n da fatiláísà síbi tó fi ìbú ọwọ́ kan jìnnà sí ìdí àgbàdo, lẹ́yìn òjò, kí wọ́n sì fi erùpẹ̀ bò ó. Bí ewé bá ti gbẹ bẹ́ẹ̀, omi púpọ̀ ni kí wọ́n bù sí i, kì í ṣe fatiláísà míì.

Àwa olùkọ́ bàọ́lọ́jì,
Kábà, Ìpínlẹ̀ Kogí