Lẹ́tà sí Fọlákẹ́: Owó Ọ̀yà Tí Oòrùn Wọ̀ Bá

Gáà Àkànbí, Ìlọrin
Ọjọ́ 12, Oṣù Kẹta

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Yola ńkọ́? Ooru ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé wàá ti máa rò ó pé kí ló ṣe mí tí mi ò gbé fóònù rẹ láti ìgbà tí o ti padà. Ara mi le. Inú ló bí mi sí ọ.

O rántí ọjọ́ kejì Kérésì, nígbà tí ọmọkùnrin ahunṣọ yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù wá béèrè owó rẹ̀, tí mo ní kó padà wá lẹ́yìn ọdún. O jẹ́ kó lọ tán, o wá rọra sọ fún mi pé Bíbélì ní kí oòrùn má wọ̀ bá owó ọ̀yà alágbàṣe. Mo rẹ́rìn-ín sí ọ. Nígbà tí o lọ tán, mo sọ fún Bàbá Tọ́pẹ́ pé ẹni tó ń gba owó oṣù ìjọba, kí ló mọ̀ nípa ọjà títà? Jọ̀wọ́, dárí jì mí. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí ibi tí mo bá ti ń gbọ́ ohùn rẹ ni màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.

₦45,000 ni owó náà. Aṣọ òkè ìdílé ìyàwó ló hun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi wà nídìí òfì, iṣẹ́ náà sì dán. Oníbàárà mi san ìdajì, ó ní ìyókù di lẹ́yìn ìnáwó. Mo fi ìdajì yẹn ra òwú sílẹ̀ torí ó ń gbówó lórí, mo fi dá àjọ, mo sì yọ ìdámẹ́wàá nínú rẹ̀. Fọlákẹ́, owó tí ọ̀yà ẹlòmíì wà nínú rẹ̀ ni mo yọ ìdámẹ́wàá nínú rẹ̀. Mo fi sínú àpòòwé, mo kọ orúkọ ara mi sí i, mo sì jó lọ síwájú pẹpẹ.

Ní oṣù Kejì, ìpàdé àdúgbò wa dé ilé mi, èmi ló sì kàn láti darí ẹ̀kọ́. Deutarónómì orí 24 la dé. Mo ti kà á sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo sì ti mọ ẹni tí màá fi bá wí: arábìnrin kan wà láàrin wa tí kì í san owó ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ déédéé. Kò sí ibì kan nínú orí náà tí mo ti rí ara mi. Bí a ṣe wá jókòó, Bíbélì ìyá mi ni mo mú, èyí tí ewé rẹ̀ ti ń já, torí ojú mi kò lè ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà nínú tèmi. Mo ka ẹsẹ 14 àti 15 sókè. Pé kí a má ṣe ni alágbàṣe tó jẹ́ tálákà lára, ì báà ṣe arákùnrin ẹni, ì báà ṣe àlejò. Pé lọ́jọ́ rẹ̀ ni kí a san án, kí oòrùn má wọ̀ bá a. Mo wá dé ibi tó ti sọ ìdí rẹ̀, pé tálákà ni, "ó sì gbẹ́kàn rẹ̀ lé e."

Ohùn mi há. Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì jáde ní èdè wa, iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣe é, ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni wọ́n sì lò níbẹ̀: gbẹ́kàn lé. Bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà ṣe ń gbẹ́kàn lé ẹnu ọ̀nà. Ojú ọmọkùnrin yẹn ni mo rí, bó ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi tó ń fi ọwọ́ pa fìlà rẹ̀.

Mo ka ìyókù bí mo ṣe lè kà á, mo sì ní kí ẹlòmíì bá mi ṣàlàyé. Àmọ́ má rò pé mo gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ o. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ní òfin Mósè ni, a ti wà lábẹ́ oore-ọ̀fẹ́. Ni mo bá rántí Jákọ́bù, mo ṣí orí 5, ó wà ní ẹsẹ 4: ọ̀yà tí wọn ò san fún àwọn tó kórè oko ń ké, igbe wọn sì ti dé etí Olúwa. Mo ní ọmọ náà kì í ṣe onígbàgbọ́, Mùsùlùmí ni. Ẹsẹ 14 inú Deutarónómì yẹn ti dá mi lóhùn kí n tó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ka Jeremáyà 36. Ìwọ náà mọ ìtàn yẹn láti Sọ́ńdè Sukúù wa ní Ìgbàjà. Jèhóíákímù Ọba jókòó nínú ilé ìgbà òtútù, iná ń jó níwájú rẹ̀, Jéhúdì ń ka ìwé tí Bárúkù kọ láti ẹnu Jeremáyà sí i létí. Bó bá ti ka ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọba á fi ọ̀bẹ gé e, á sọ ọ́ sínú iná, títí ìwé náà fi jóná tán. Ohun tí mi ò fọkàn sí rí ni pé ọba yẹn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó jókòó, ó gbọ́ ọ dáadáa, ó wá ń gé e. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí Ṣáfánì ka ìwé òfin sétí Jòsáyà, bàbá rẹ̀, ńṣe ni Jòsáyà fa aṣọ rẹ̀ ya.

Nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn padà sí Jeremáyà orí 22, ẹ̀rù bà mí. Jèhóíákímù kan náà ni ègbé orí yẹn ń bá wí: ẹni tó ń lo iṣẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ láìsan owó, tó ń fi kọ́ ilé ńlá, tó ń fi igi kédárì bò ó. Ọba tó fi ọ̀bẹ gé ìwé ni ọba tó jẹ owó ọ̀yà! Mo rò ó títí. Ó dà bíi pé ohun tí kò fẹ́ fi sílẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè gbọ́ ìwé náà títí dé òpin láìgé e. Èmi ò fi ọ̀bẹ gé nǹkan kan, àmọ́ kí ni mo ṣe sí ọ̀rọ̀ tìrẹ ní Kérésì? Lẹ́yìn tí ọba jó ìwé tán, Ọlọ́run ní kí wọ́n tún un kọ, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ irú rẹ̀ kún un. Bó ṣe rí fún mi gan-an nìyẹn. Ẹsẹ kan péré lo sọ fún mi, mo gé e. Nígbà tó máa padà dé, ó kó Jákọ́bù àti Jeremáyà dání.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gba owó lọ́wọ́ Bàbá Tọ́pẹ́ kún tọwọ́ mi, mo wọ ọkọ̀ lọ sí apá Ọjà Ọba. Mo bá ọmọkùnrin náà nídìí òfì. Mo ka ₦45,000 fún un, mo fi ₦5,000 lé e nítorí ìdúró tó dúró, mo sì kúnlẹ̀. Ó fò dìde, ó ní, "Ẹ dìde, Ìyá, ẹ dìde." Mo bi í pé ṣé inú ń bí i sí mi. Ó ní rárá, inú ò bí òun, òun kàn máa ń dárúkọ mi fún Ọlọ́run lẹ́yìn àsùbáà ni.

Fọlákẹ́, ìparí ẹsẹ 15 nínú Deutarónómì 24 ni ọmọ yẹn sọ sí mi lójú yẹn, kò sì mọ̀. Lọ wò ó. "Kí ó má bàa ké pe OLÚWA sí ọ." Láti oṣù Kejìlá ló ti ń ké pè é, èmi sì ń darí ẹ̀kọ́ Bíbélì.

Mo ti pinnu báyìí pé ọjọ́ tí ahunṣọ bá gbé aṣọ wá ni màá sanwó rẹ̀, oníbàárà ì báà san, kó má tíì san. Kò rọrùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, owó òwú ni mo fi san ọ̀kan, ṣọ́ọ̀bù sì ṣófo fún ọjọ́ mẹ́rin. Bá mi gbàdúrà sí i. Bí o bá sì tún rí nǹkan lára mi, sọ ọ́. Mo lè tún bínú, àmọ́ má jẹ́ kí ìyẹn dí ọ lẹ́nu.

Àlàárì tí o ní kí n hun sílẹ̀ ti parí, mo sì ti sanwó iṣẹ́ rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ń bọ̀ ní Yola láti Ìlọrin níbí, sọ fún mi kí n fi rán an.

Èmi ni tìrẹ,
Bísí