Kí ẹ tó ta igi fún onígẹdú, ẹ pe àwa tí a jọ pààlà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka lẹ́tà tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí ẹnìkan ti ní àwa àgbẹ̀ ti sọ ara wa di ọlọ́pàá lórí igi onígi. Ó ní ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni igi orí rẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì kó di etí rẹ̀. Mo gbà pé onígi lè ta igi rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá a du ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kó bá mi dáhùn ni pé: igi tí wọ́n gé lórí ilẹ̀ rẹ̀, orí ilẹ̀ ta ló wó sí?

Kòkó ni mo ń ṣe lápá Ìdànrè níbí, lórí ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹbí tí a jọ pààlà ta àwọn arère àti afàrà inú igbó wọn fún onígẹdú kan. Wọn ò sọ fún wa. Ìró ẹ́ńjìnnì la fi mọ̀. Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, arère kan ti na gbọọrọ sínú oko mi, kùkùté rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn, orí rẹ̀ wà láàárín kòkó mi. Àwọn igi kòkó tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ya sí méjì láti oríta ẹ̀ka. Èso tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún fọ́ sílẹ̀, ọmọ inú wọn tú síta ní funfun, èèrà sì ti bò ó. Katakata tí wọ́n fi wọ́ gẹdú jáde tún gba orí ààlà kọjá, ó fa pèrègún tí bàbá mi àti bàbá wọn jọ gbìn tu tegbòtegbò. Bí ọ̀rọ̀ ààlà bá délé ẹjọ́ lọ́la, kí la fẹ́ nawọ́ sí?

Onígẹdú náà kì í ṣe ẹni tó ń jágbe mọ́ni. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó pè mí ní bàbá, ó sì fi owó díẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n fi ra ọtí. Mo bi í pé igi kòkó mélòó lowó yẹn wà fún. Ó ní, “Bàbá, ẹ ṣáà gbà á, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò.” Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá a wá fi hámà lu àmì sára gẹdú àti kùkùté, ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó wo kòkó tó wó, ó ní ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán òun. Òótọ́ ló sọ o. Igi tí wọ́n gé ló wà nínú ìwé tó mú lọ́wọ́, kò síbi tí wọ́n ti ní kó kọ ohun tí igi wó lé.

Àwọn tí kò dá oko kòkó rí rò pé èyí tó bá wó, ká gbin òmíràn, ó parí. Àní irú tuntun tí ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ n’Ìbàdàn mú jáde, tó ń tètè so, ó ń tó ọdún méjì sí mẹ́ta kó tó fi ojú èso hàn, ká má tíì sọ ti àtijọ́ tó ń tó ọdún márùn-ún. Ibi tí igi ńlá bá sì ti ṣí òrùlé oko sílẹ̀, oòrùn á máa jó àwọn tó kù, ọyẹ́ á máa gbẹ wọ́n, àwọn kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó á sì máa wọ́ jọ síbẹ̀. Òfò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan kì í tán lọ́jọ́ náà. Lọ́dún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ́jà àgbáyé. Ó ti wálẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n kò tíì di ohun tí wọ́n ń fi owó ọtí san.

Bẹ́ẹ̀ ìṣọ́ra wà tí kò ní owó ńlá nínú. Agégi tó mọṣẹ́ á wo ibi tí igi tẹ̀ sí, á sì gbẹ́ ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́ kó wó sí. Ìtàkùn ló sábà máa ń da ọ̀rọ̀ rú: ó so orí igi kan pọ̀ mọ́ òmíràn, tí ọ̀kan bá ń lọ, á fa ìkejì lọ́wọ́, á sì yí padà síbi tí ẹnikẹ́ni ò rò. Bí wọ́n bá gé ìtàkùn wọ̀nyí ní oṣù bíi mélòó kan ṣáájú, tí wọ́n jẹ́ kó gbẹ, igi á wó jẹ́ẹ́jẹ́. Ta ló ń dúró de ìyẹn? Iye igi tó bá gé ni agégi fi ń gbowó.

Wọ́n á ní kí n lọ pẹjọ́. Gẹdú tó jáde lálẹ́ òní lè ti di pákó ní sọ́ọ̀mílì lọ́la, ìwé ìpẹ̀jọ́ ò sì ní bá onígẹdú nínú igbó mọ́. Àwọn kan tilẹ̀ sọ fún mi pé ìjọba ló nilẹ̀ látìgbà òfin ilẹ̀ 1978, pé kí ni mo ń jà lé. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni fún ohun tó kan ará ìlú, kó san owó irè tó wà lórí rẹ̀. Ṣé onígẹdú wá ga ju gómìnà lọ ni?

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní pámíìtì láti gé igi tó wà nítòsí ààlà títí ẹbí tó ń tà á, onígẹdú àti àwọn tí wọ́n jọ pààlà yóò fi jọ rin ààlà náà, tí wọ́n á wo ọ̀nà tí katakata máa gbà, tí wọ́n á sì fọwọ́ sí iye tí wọ́n máa san lórí igi kòkó kan tó bá wó. Kí gẹdú má kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó san án. Ọ̀rọ̀ yìí tún le jù fún àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, nítorí onílẹ̀ tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn gan-an ló sábà máa ń ta igi lé wọn lórí, wọn ò sì lè fọhùn.

Ìrókò kan ṣì kù lọ́dọ̀ àwọn tí a jọ pààlà, ẹnìkan sì ti wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí i. Mo ti kọ̀wé sí olórí ẹbí, mo sì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tó ń fúnni ní pámíìtì, pé ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gé e, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tó kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà, bí àyè bá gbà á, kó wá bá mi dúró lábẹ́ kòkó lọ́jọ́ náà.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ oníkòkó kan,
Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.