Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Igba Ọkùnrin Tí Kò Mọ̀dí Ọ̀ràn

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, Sámúẹ́lì Kejì orí 15 ló wà lẹ́nu mi láti alẹ́ Ọjọ́rú, nígbà tí mo dé láti ibi tí gbogbo yín mọ̀, lẹ́yìn ìjà tí àwọn ọ̀dọ́ wa jà nínú ọgbà ìjọ nítorí ìrẹsì àti fìlà ọ̀fẹ́ olóṣèlú.

Ẹ wo Ábúsálómù. Ọmọ Dáfídì ọba, ó ní kẹ̀kẹ́ ẹṣin, àádọ́ta ọkùnrin ń sáré níwájú rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ibodè ló máa ń jí lọ dúró sí, bí ẹni pé òun náà ní ẹjọ́ tí wọn ò dá. Á ní ọ̀ràn rẹ tọ́, ọba ni kò yan ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Bí o bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, á fà ọ́ mọ́ra. Ọlọ́rọ̀ tó ń bínú nítorí mẹ̀kúnnù! Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Berlusconi ní Ítálì, tó ni tẹlifíṣọ̀n, tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe olóṣèlú bíi tiwọn. Ní 1994 ó di olórí ìjọba láàárín oṣù díẹ̀, kí ọdún náà tó parí ó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. (Ó tún padà dé ní 2001 o.) Babiš, oníṣòwò ajílẹ̀ àti oúnjẹ nílẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, gba irú ọ̀nà yẹn dépò olórí ìjọba ní 2017.

Ẹsẹ 11 gan-an ló há mi lọ́fun. Igba ọkùnrin bá Ábúsálómù lọ sí Hébúrónì, níbi tó ti fẹ́ gba ìjọba mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n pè wọ́n ni, wọn ò sì mọ nǹkan kan. Bíbélì ò pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ló béèrè ìdí tí wọ́n fi pe òun?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, báàgì ìrẹsì mélòó ni? Fìlà ọ̀fẹ́ mélòó, tí aṣọ akọrin fi ya mọ́ ara yín lọ́rùn nínú ọgbà ilé Ọlọ́run?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má pàtẹ́wọ́. Ọba tí kò jókòó gbọ́ ẹjọ́ ló jẹ́ kí Ábúsálómù rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ará Kwara ń pariwo Ó tó gẹ́ sí àwọn alágbára òṣèlú wọn láti Ọ̀fà dé Ìlọrin nígbà ìbò 2019, ṣé èṣù ló kọ́ wọn ni? Ó ti sú wọn ni. Láti ọdún tó kọjá ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń béèrè ìṣirò owó jẹnẹrétọ̀ ìjọ. A ní kí wọ́n lọ jókòó.

Ó tó. Ọmọ mi ni gbogbo yín, ẹni tó lù àti ẹni tí wọ́n lù. Lẹ́yìn ìsìn, ẹ yà sílé wa. Màmá ti po ẹ̀kọ, àkàrà ń bọ̀. Èmi ni n ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, lórí owó jẹnẹrétọ̀ yẹn.

Ìkéde: Àdúrà àwọn ìyá di aago 4 ní Ọjọ́bọ̀. Ìmọ́tótó ọgbà, Sátidé. Àga oníke 12 tí wọ́n yá lọ sí ìsìnkú ní Ìjàgbó kò tíì padà, ẹ jọ̀ọ́.