Ẹ̀sùn lórí headset tí ẹ ní ó ń ka ọpọlọ: iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń kà

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ wa dá lórí headset tí ẹ ń tà ní Èkó fún àwọn tó fẹ́ máa fi èrò ọkàn lo kọ̀ǹpútà. Ilé ìtọ́jú àwọn tí rọpárọsẹ̀ ń bá jà la rà á fún. Iṣẹ́ wa ni síso irú ẹ̀rọ báyìí mọ́ kọ̀ǹpútà, nítorí náà ẹ má ṣe fèsì pé a kò mọ̀ ọ́n lò, bí òṣìṣẹ́ yín ti sọ fún wa lórí fóònù. Ohun tí ẹ kọ sára páálí kọ́ ló wà nínú páálí. A fẹ́ gba owó wa padà, a sì fẹ́ kí ẹ pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ lára páálí náà kí ẹlòmíràn má baà kó sí i.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí, nípa atọ́ka tó ń sún kiri lójú kọ̀ǹpútà: "Ronú, kí atọ́ka sún. Ó yẹ fún ẹni tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́."

Ẹ wo ibi tí ẹ fi àwọn ẹlẹ́kitíróòdù sí, àwọn irin tó ń kan awọ orí láti gba ìgbì iná ọpọlọ. Mẹ́rin ni wọ́n: méjì níwájú orí, méjì lẹ́yìn etí. Ibẹ̀ tó fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti ń tòògbé. Ṣùgbọ́n ìgbì tí èèyàn lè fi èrò darí, èyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń pè ní mu, tó ń mì ní ìgbà 8 sí 13 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan (8 sí 13 Hz), apá òkè orí ni wọ́n ti ń gbà á, ní ojú ibi méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ C3 àti C4. Bí èèyàn bá rò ó lọ́kàn pé òun ń di ọwọ́ ọ̀tún ní ẹ̀ṣẹ́, ìgbì C3 tó wà lápá òsì orí á rọlẹ̀. Bí ó bá ro ti ọwọ́ òsì, ti C4 ló máa rọlẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí ẹni náà fẹ́ kí atọ́ka lọ.

Ojú ibẹ̀ kò ṣòro láti wá. Ẹ fi téèpù wọn orí láti kòtò iwájú etí kan, kó gba àtàrí, títí dé kòtò iwájú etí kejì. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36, sẹ̀ǹtímítà 18 ni àárín. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn náà jẹ́ 7.2. Ẹ ka 7.2 láti àárín sí òsì, ẹ ti dé C3. Ẹ kà á sí ọ̀tún, ẹ ti dé C4. Kò sí ọ̀kan nínú ẹlẹ́kitíróòdù yín tó sún mọ́ ibẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà lóòótọ́. Ọ̀nà iná tó ń ṣẹ́jú lójú kọ̀ǹpútà ń fẹ́ ẹlẹ́kitíróòdù ní ìpàkọ́, ní O1, Oz àti O2. Ọ̀nà tí Farwell àti Donchin gbé jáde ní 1988, tí àwọn lẹ́tà ti ń tàn lẹ́sẹẹsẹ tí ọpọlọ sì ń fèsì sí èyí tí èèyàn ń dúró dè, ń fẹ́ Pz tó wà lẹ́yìn àtàrí. Èyíkéyìí nínú wọn kò sí nínú ọjà yín.

Kí ló wá ń mú atọ́ka náà sún? Eyín ni. Ìgbì ọpọlọ tó bá dé awọ orí kì í sábà ju máíkírófóòtì (ìdá kan nínú mílíọ̀nù fóòtì iná) 10 sí 100 lọ. Kí èèyàn ṣẹ́ ojú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ariwo rẹ̀ lè ju 100 lọ ní iwájú orí, iṣan tí a fi ń jẹun sì ń pariwo láti nǹkan bí 20 Hz lọ sókè, ní ẹ̀gbẹ́ etí gan-an níbi tí ẹ fi ẹlẹ́kitíróòdù sí. Ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ata. Áàpù yín kò gbìyànjú láti yọ ariwo náà kúrò. Òun gan-an ló ń lò.

Ẹ lè dán an wò ní ọ́fíìsì yín lónìí. Kí ẹnì kan wọ headset náà, kó jókòó jẹ́ẹ́, kó la ẹnu díẹ̀ kí eyín má kan eyín, kó tẹjú mọ́ ibì kan, kó sì máa rò ó pé kí atọ́ka lọ sókè. Kò ní lọ. Lẹ́yìn náà, kó má ro nǹkan kan, kó kàn pa eyín pọ̀ gidigidi. Atọ́ka á fò sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tí ẹ pè ní ẹ̀kọ́ "ìpọkànpọ̀" oníṣẹ́jú márùn-ún nínú áàpù náà, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀ láìmọ̀ ni. Ẹni tí ara rẹ̀ yá kò ní mọ ìyàtọ̀, á máa yọ̀. Ẹni tí kò lè fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ̀, tí ẹ tìtorí rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sára páálí, kò ní rí nǹkan kan ṣe. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ á sì rò pé ọpọlọ rẹ̀ ni kò pé mọ́. Èyí ló bí wa nínú jù.

Ẹ tún kọ ọ́ pé gbogbo èèyàn ló máa lè lò ó. Kódà pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá inú yàrá ìwádìí, tí ẹlẹ́kitíróòdù wà níbi tó yẹ tí wọ́n sì fi jẹ́ẹ̀lì sí i, nǹkan bí èèyàn 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún kì í lè darí rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń ta ọjà yìí láìsọ bẹ́ẹ̀ ń fi nǹkan pa mọ́ ni.

Nígbà tí a kọ́kọ́ pè yín, ẹ ní kí a lọ ra okùn àtàrí tí ẹ ń tà lọ́tọ̀. A rà á. Ẹsẹ̀ onírin tó dà bíi ti òòyà, mílímítà 5, ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìwé ìlànà yín sì ní kí a "ya irun sọ́tọ̀". Irun òyìnbó tó nà gbọnrangandan ló wà nínú gbogbo àwòrán tó wà níbẹ̀. Mílímítà 5 kò lè la irun tí a fi àtaṣímẹ́ǹtì dì kọjá dé awọ orí. Orí irun ló máa dúró sí, òrí àti ìpara tí a fi pa irun kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Kì í ṣe ohun tuntun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ní 2020, Arnelle Etienne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà gbé ẹlẹ́kitíróòdù kan tó ń jẹ́ Sevo jáde nítorí irun àwa aláwọ̀ dúdú: wọ́n á di irun náà mọ́ orí kí awọ orí lè hàn níbi tí wọ́n fẹ́, ẹlẹ́kitíróòdù á sì há sí abẹ́ ìdì náà, kò ní yẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa ńbí, onídìrí èyíkéyìí lè ṣe é. Ẹ fi pẹ́ńsùlù ojú sàmì sí C3 àti C4, kó dì í ní kòlẹ́sẹ̀, kó sì jẹ́ kí ojú ìlà bọ́ sórí àmì méjèèjì. Kó má fi ìpara kan ojú ìlà náà, kẹ́ ẹ fi òwú tí a rẹ sínú ọtí spirit nù ún kẹ́ ẹ tó gbé ẹlẹ́kitíróòdù lé e. Àwa ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbì náà sì yàtọ̀ gedegbe. Ṣùgbọ́n áàpù yín kò mọ ohun tí yóò fi C3 àti C4 ṣe! Ó kàn ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti mú nọ́ńbà "ìpọkànpọ̀" kan ṣoṣo jáde. Okùn àtàrí náà kò wúlò fún nǹkan kan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Headset yín ní asẹ́ tó ń yọ ariwo iná mànàmáná kúrò, 60 Hz ni ẹ sì fi í sí, bíi ti Amẹ́ríkà. Iná Nàìjíríà, 50 Hz ni. Kò sí ibi tí a ti lè yí i padà nínú áàpù. Èyí ṣì kéré sí èkejì. Ìwé yín ní headset náà ń ka ìgbì ní ìgbà 128 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohunkóhun tó bá ju 64 Hz lọ, ìyẹn ìdajì 128, asẹ́ gbọ́dọ̀ ti yọ ọ́ kúrò kó tó dé ibi tí a ti ń kà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á pa dà wọlé pẹ̀lú ojú mìíràn. Ariwo 100 Hz tó ń ti ara ṣájà àti gílóòbù wá á di 28 Hz. Èyí tó jẹ́ 150 Hz, tí inverter olówó pọ́ọ́kú kún fún, á di 22 Hz. Àárín 13 sí 30 Hz, tí wọ́n ń pè ní béta, ni méjèèjì bọ́ sí, béta sì ni áàpù yín fi ń díwọ̀n ìpọkànpọ̀.

A kò sọ ọ́ lásán. A fi ẹ̀rọ tó ń pèsè ìgbì fún un ní 100 Hz, tí a ti fi resistor dín kù sí máíkírófóòtì 50, ó sì kọ 28 Hz sílẹ̀. A tún ṣe èyí tó rọrùn jù: a rẹ táwẹ̀lì sínú omi oníyọ̀, gíráàmù 9 iyọ̀ sí lítà omi kan, a wé e mọ́ kóròbá oníke, a sì gbé headset lé e. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wà lórí ṣájà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, áàpù ní kóròbá náà pọkàn pọ̀ gan-an. A yọ ṣájà, a pa jẹnẹrétọ̀, ìpọkànpọ̀ kóròbá lọ sílẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé tó ń sọ pé ẹlẹ́kitíróòdù ti kan awọ orí kò sì kú títí a fi ṣe tán.

Fóòmù ojú ẹlẹ́kitíróòdù, tí a ń rẹ sínú omi iyọ̀, ń gbẹ kí wákàtí kan tó pé nínú ooru, irin abẹ́ rẹ̀ sì ti ń hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Èyí kò tó ìjà. Ẹ kàn kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà pé kí a máa yọ fóòmù kúrò lẹ́yìn ìlò kí a sì nu irin náà gbẹ.

Ohun tó tó ìjà ni dátà. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, headset náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, torí pé kọ̀ǹpútà yín lókè òkun ló ń ṣe ìṣirò. Ẹni tó ni orí kò lè rí ìgbì orí ara rẹ̀ àfi tó bá san owó oṣooṣù, àwa náà san án kí a tó rí ohun tí a kọ sókè yìí. Ìgbì ọpọlọ aláìsàn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera rẹ̀. Lábẹ́ òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ àti ẹni tí ẹ fún. A ń béèrè rẹ̀ báyìí lórúkọ àwọn tó lo headset náà. Ìwé àṣẹ wọn wà nínú àpòòwé yìí.

Ohun tí a fẹ́ nìyí. Kí ẹ dá owó headset àti okùn àtàrí padà pátápátá, àti owó oṣooṣù pẹ̀lú. Kí ẹ fi 50 Hz kún asẹ́ náà fún àwọn tó ti rà á. Kí ẹ ṣí ìgbì náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ sì yọ ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kúrò lára páálí, kí ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀: pé ojú ṣíṣẹ́ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń darí rẹ̀. Kò burú bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lè fi tẹ kọ̀ǹpútà dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ tó dín owó ju tiyín lọ lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

A fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí a kò bá gbọ́ nǹkan kan, a ó gbé ọ̀rọ̀ páálí lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, lábẹ́ òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, a ó sì gbé ti dátà lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó o.

Headset náà wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo okùn rẹ̀. Ẹ rán ẹni tó máa wá gbé e; kó mú ìwé tó máa fọwọ́ sí dání, torí a kò ní fún un láìsí rìsíìtì.

Àwa oníbàárà yín