Lẹ́tà sí Bàbá Betances tó ń ra ọmọ lẹ́bàá omi ìrìbọmi

Ramón Emeterio Betances, bàbá mi,

Ẹ ò mọ̀ mí. Ọjọ́ tí mo kà nípa àwọn ọmọ ọwọ́ ìlú Mayagüez ní Puerto Rico lèmi náà tó mọ̀ yín, mi ò sì lè gbé e kúrò lọ́kàn mọ́.

Ní Puerto Rico ayé ìgbà yín, erékùṣù tí Sípéènì ń ṣàkóso nígbà náà, tí ẹrúbìnrin bá bímọ, olówó rẹ̀ ló lọmọ. Àmọ́ wọ́n lè ra ọmọ náà sílẹ̀. Kó tó ṣèrìbọmi, péésò 25 ni. Tí omi bá ti kan orí rẹ̀, ó di 50. Ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín Segundo Ruiz Belvis àtàwọn ẹgbẹ́ yín á lọ dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó fi owó náà sọ́wọ́ ìyá, ìyá á kà á fún olówó rẹ̀. Ìkókó tí wọ́n gbé wọlé lẹ́rú á jáde lọ́mọ. Ní ilẹ̀ tiwa, a ra ẹrú, a tà á, síbẹ̀ à ń pa á lówe pé bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Ẹ̀yin fi owó àpò yín sọ òwe yẹn dòótọ́.

Ìyá yẹn ni mo máa ń rò. Owó ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ọmọ rẹ̀ dòmìnira, òun alára ń padà lọ sọ́dọ̀ olówó rẹ̀.

Ẹ̀yin náà rí i. Dókítà ni yín, ẹ ti Paris dé lọ́dún 1856, ẹ bá àrùn onígbáméjì nílẹ̀, ẹ sì tọ́jú àwọn ẹrú tó ń kú. Ìjọba Sípéènì lé yín kúrò nílùú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tẹ́ ẹ wá kọ òfin mẹ́wàá yín fún àwọn èèyàn olómìnira láti erékùṣù St. Thomas lọ́dún 1867, ẹ béèrè ẹ̀tọ́ láti dìbò, láti sọ̀rọ̀, láti tẹ ìwé ìròyìn. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó béèrè èyíkéyìí nínú wọn, ẹ ní kí wọ́n fòpin sí ẹrú níní.

Ní September 23, 1868, àwọn èèyàn yín dìde sí Sípéènì, wọ́n gba ìlú Lares, wọ́n kéde orílẹ̀-èdè olómìnira. Ẹ ò sí níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ ti gba ọkọ̀ ojú omi tó kó ohun ìjà yín. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ogun Sípéènì ṣẹ́gun wọn. Ọdún 1873 ni wọ́n tó fòpin sí ẹrú níní ní Puerto Rico.

Ó dùn mí pé kẹ́ ẹ tó kú sílẹ̀ Faransé ní September 1898, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti gúnlẹ̀ sí Guánica ní Puerto Rico. Ọ̀gá lọ, ọ̀gá dé. Ọdún 1920 ni wọ́n gbé eérú yín padà sí Cabo Rojo tí wọ́n bí yín sí.

Bàbá, ṣé ẹ rántí ojú ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn, bó ṣe di péésò 25 náà mọ́wọ́?

Èmi ni, ọmọ yín tẹ́ ẹ ò mọ̀.